Irin Kò Tíì Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ CNC Àtijọ́ Tí A Tún Ṣe Lẹ́yìnkùlé
(Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣòwò irin ní ọjà Panteka sọ níbi ìkówójọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, Kaduna)

  

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní "erin". Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nínú àwòrán gbọ̀ngàn tí a ń tìtorí rẹ̀ kó owó jọ lónìí, yàrá ńlá kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́. Àríyànjiyàn sì wà lórí ohun tí yóò wọ inú yàrá náà. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tuntun ni kí a rà, bí owó kò bá sì tó, kí a máa fi yàrá háyà fún àwọn tí ń ṣe ìyàwó. Àwọn àgbà kan sì ní kí a má tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ wúwo kankan sí ilẹ̀ yìí rárá. A ó fèsì fún apá méjèèjì bí agbára wa bá ti mọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, kí àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ má baà rò pé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ẹ̀rọ léèdì. Nínú léèdì, irin tí a fẹ́ gé ni ó ń yí, ọ̀bẹ kì í yí. Mílìn yàtọ̀ sí i. Ọ̀bẹ rẹ̀ ni ó ń yí lókè, irin a sì wà lórí tábìlì, tábìlì a máa gbé e lọ sọ́tùn-ún àti sósì, síwájú àti sẹ́yìn. Láyé ìjelòó, ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń yí tábìlì yìí. Èyí tí a ń pè ní CNC, kọ̀ǹpútà ni ó ń yí i, tí ó sì mọ ibi tí tábìlì dé dójú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà.

Àǹfààní rẹ̀ rèé. Alhaja kan tí ń fún epo ẹ̀pà fẹ́ kí a bá òun ṣe ogójì àwo irin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní ihò mẹ́jọ yípo létí. Bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́n, tí a fi òòlù sàmì sí i, tí a sì lu ihò, àwo kìíní yóò bá ìkejì mu, ìkẹta yóò ṣe agídí díẹ̀, nígbà tí a ó bá fi dé ìkọkànlélógún, bóòtù kò ní wọlé mọ́ àfi bí a bá fi fáìlì gbẹ́ ihò náà fẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ ohun tí a ń wí. Mílìn oníkọ̀ǹpútà a lu ihò ogójì àwo bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Nígbà tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́dún mẹ́ta sí i, èyí tí a ó ṣe rọ́pò rẹ̀ yóò wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ̀rọ yìí kò wá sáyé ní tuntun rárá, ẹ̀yin ará, ibí yìí sì ni a ti fẹ́ bá àwọn tí ń sọ pé tuntun nìkan ni ó dára sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ John Parsons, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Traverse City ní ìpínlẹ̀ Michigan, abẹ̀bẹ̀ tí ń gbé hẹlikọ́pítà fò ni wọ́n ń ṣe. Òun ni ó ronú pé bí a bá fi nọ́ńbà sọ gbogbo ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà, ẹ̀rọ lè máa tẹ̀ lé nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ní 1949 àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà fún un, ó sì fa àwọn ọ̀mọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ MIT mọ́ra. Ní 1952 ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà han aráyé, tí ó ń gba àṣẹ lára tépù tí wọ́n lu ihò sí. Ṣé wọ́n rọ irin tuntun fún un ni? Rárá o. Ẹ̀rọ mílìn kan tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cincinnati Hydro-Tel, ni wọ́n mú, wọ́n yọ ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi tiwọn sí i. Ohun tí àwa mẹ́ta ṣe lẹ́yìnkùlé náà nìyẹn, àfi pé àwa kò ní ológun òfuurufú kankan tí ó fún wa lówó.

Gbogbo wa tí a ti pẹ́ ní ìlú yìí rántí bí Kakuri àti Makera ṣe ń hó nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. KTL tí wọ́n ṣí ní 1957 ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kú, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni yóò wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń ta irin. Kì í ṣe KTL ni a ti ra ti wa, ibòmíràn tí a kò ní dárúkọ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, láàrin 1980 sí 1989, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn oníirin àlòkù ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, kílò ni wọ́n fẹ́ fi rà á, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí a ti ń yọ́ irin. Ẹ̀rọ tí òyìnbó fi odindi oṣù rọ, tí wọ́n fi ọwọ́ ha ojú irin rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú pẹrẹsẹ, ni wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀pá tí a fi ń da dẹ́kìn. Inú bí wa. A fi díẹ̀ lé owó kílò náà, a sì gbé e.

Kí ni ó pa á? Irin kọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà, bátìrì kékeré kan ni ó ń bá kọ̀ǹpútà wọn rántí àwọn nọ́ńbà tí ó fi mọ ara rẹ̀: bí tábìlì ṣe gùn tó, bí mọ́tọ̀ ṣe yára tó, ibi tí ó yẹ kí ó dúró. (Mọ́tọ̀ tí a ń wí yìí ni èyí tí iná ń yí, kì í ṣe mọ́tò tí a ń wọ̀ lọ sí Zaria.) Bí bátìrì bá tán tí kò sẹ́ni tí ó pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà náà yóò parẹ́, ẹ̀rọ yóò sì dà bí àgbàlagbà tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Àwọn kapásítọ̀ inú páálí iná rẹ̀ náà a máa gbẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹni tí ó bá ń wá páálí tuntun fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé wọn kì í ṣe é mọ́, àti pé èyí tí wọ́n tún ṣe fún títà wọ́n ju gbogbo ẹ̀rọ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń jù ú nù. Irin rẹ̀ lè lo ogójì ọdún sí i, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò ju ogún lọ.

Nítorí náà, ẹ fi etí sí èyí dáadáa, òun ni olórí ohun tí a bá wá: irin ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí iná. A ti rí ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ ra kọ̀ǹpútà àti mọ́tọ̀, tí ó wá bá a nígbẹ̀yìn pé ojú irin tí tábìlì ń rìn lórí rẹ̀ ti jẹ tán. Kọ̀ǹpútà kò lè wo irin tí ó ti jẹ sàn.

Bí a ṣe yẹ ti wa wò rèé. Kẹrosíìnì, àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì ni a fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí ògbólógbòó gírísì ti dì mọ́ ara erùpẹ̀ òwú bí ẹ̀bà àná. Àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn tí òróró ń gbà dé ojú irin ti dí pátápátá, wáyà ni a fi là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà a wo àárín. Ẹ̀rọ mílìn kì í jẹ káàkiri, àárín ni ó máa ń jẹ jù, torí pé àárín ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi há ẹ̀gbẹ́ tábìlì kí ó má baà mì. A fún un títí tábìlì fi rìn dáadáa ní àárín, a wá yí tábìlì lọ sí ìparí. Bí ó bá há níparí tí kò lè rìn mọ́, a jẹ́ pé àárín ti jẹ jìnnà. Ti wa kàn le díẹ̀ ni. A dúpẹ́.

A wá gbé gééjì olójú aago lé e. A fi ọwọ́ yí súkúrúù tábìlì títí tábìlì fi lọ síwájú mílímítà kan, a sì yí i padà ní ìwọ̀n kan náà. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ gééjì padà sí ibi tí ó ti kúrò. Kò padà síbẹ̀, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà ni ó fi kù. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sáré lọ ra súkúrúù tuntun, nítorí súkúrúù inú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń tà ní Panteka. Àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ ni ó ń yí láàrin nọ́ọ̀tì àti súkúrúù rẹ̀, owó rẹ̀ sì gọbọi. Àwa gbé gééjì kan náà lọ sí orí súkúrúù fúnra rẹ̀ níbi ìparí rẹ̀, a ní kí ọmọkùnrin kan máa ti tábìlì síwá sẹ́yìn. Ni abẹ́rẹ́ bá ń jó! Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ìparí súkúrúù mì rárá. Bẹ́ríìnì tí ó dì í mú lẹ́yìn ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú. A fún un, ìdá méje di ìdá méjì. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò wa lọ́jọ́ náà, a sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Nígbà tí irin ti dára, a wá kọjú sí iná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ìbínú gé wáyà. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí o lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ. Kí o sì mọ̀ pé kapásítọ̀ ńlá inú àpótí iná lè mú iná dání fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí o ti pa suwíìṣì, ó lè pa ènìyàn. Fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ rẹ tó kàn án. A yọ ọpọlọ àtijọ́ náà kúrò odindi, ó kún ọmọlanke kan. Suwíìṣì tí ń dá tábìlì dúró létí ni a fi sílẹ̀, wọ́n ṣì dára. Bọ́tìnnì pupa tí a fi ń dá gbogbo rẹ̀ dúró ní pàjáwìrì, a fà á tààrà lọ sí kọntákítọ̀ tí ń gé iná, a kò jẹ́ kí ó gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Kọ̀ǹpútà lè sùn. Bọ́tìnnì pupa kò gbọ́dọ̀ sùn.

Mọ́tọ̀ tí ń yí ọ̀bẹ, fééṣì mẹ́ta ni ó ń lò, bẹ́ẹ̀ fééṣì kan péré ni ó wọ ilé wa. Àpótí kan wà tí a ń pè ní VFD tí ó ń sọ fééṣì kan di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí fóòtì 240 bá wọlé, 240 náà ni yóò jáde, kì í ṣe 415. Wọ́n kọ méjèèjì sí ara mọ́tọ̀ tiwa, a kàn tú ojú wáyà rẹ̀ ni, a sì tún un dè ní onígun mẹ́ta dípò oníràwọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dójú àmì. Ẹni tí kò bá tún un dè yóò máa sọ pé mọ́tọ̀ kò lágbára.

Mọ́tọ̀ mẹ́ta tí ń yí tábìlì, ọ̀kan ti jóná, nítorí náà a pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí irú èyí tí ń gbé ẹsẹ̀. Mọ́tọ̀ yìí kì í yí gbirigbiri bí ti fáànù. Ìṣísẹ̀ 200 ni ó ń gbé kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Àpótí tí ń fún un ní iná tún pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá, ó di 2000. Bẹ́líìtì tí ó wà láàrin jẹ́ kí mọ́tọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí súkúrúù tó yí lẹ́ẹ̀kan, ó di 4000. Bí súkúrúù bá yí lẹ́ẹ̀kan, tábìlì rìn mílímítà 5. Pín 4000 sí ọ̀nà 5, ó di 800. Ìyẹn ni pé ìgbà 800 ni kọ̀ǹpútà yóò pàṣẹ kí tábìlì tó rìn mílímítà kan. Ìwé mẹ́fà ni a kà, ìṣirò yìí kò sì ju ìwé mẹ́fà lọ. A sọ èyí nítorí àwọn ọmọ wa tí ìwé kò bá fi bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n rò pé nǹkan kọ̀ǹpútà ti kọjá tiwọn.

Kọ̀ǹpútà tí a fi darí rẹ̀, àlòkù ọ́fíìsì ni. Ètò inú rẹ̀ ń jẹ́ LinuxCNC, ọ̀fẹ́ ni, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí òṣùwọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní NIST, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ọdún 2000, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọmọ wa kan tí ó jáde ní Kaduna Polytechnic ni ó bá wa fi sí i. Èdè rẹ̀ kò le. G0 ni kí ọ̀bẹ sáré lọ láìgé nǹkan, G1 ni kí ó máa gé lọ tààrà, G2 àti G3 ni kí ó gé yípo, M3 ni kí ọ̀bẹ máa yí, M5 ni kí ó dúró. Ẹni tí ó bá lè kọ́ Hausa lórí ọjà lè kọ́ èyí.

Oṣù méje ni ó gbà wá, lálẹ́ àti lọ́jọ́ Àìkú. Nínú gbogbo owó tí a ná, ti irin ni ó kéré jù. Mọ́tọ̀, àpótí wọn àti VFD ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ. A tún wò ó pọ̀, kò dé ibì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tuntun.

Kò wá túmọ̀ sí pé kò ní wàhálà. NÉPÀ, bí a ṣe ń pè é títí di òní bí orúkọ yẹn tilẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ láti 2005, lè mú iná lọ nígbà tí ọ̀bẹ wà nínú irin. Ọ̀bẹ yóò kán, mọ́tọ̀ kò sì ní mọ ibi tí ó wà mọ́. Bí iná bá dé, àfi kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó padà lọ fara kan suwíìṣì ilé rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹsẹ̀ lákọ̀tun. Iṣẹ́ tí yóò bá gùn, jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ti ka owó dísù mọ́ iye tí a ń gbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn kò lè gbé sínú ọkọ̀ lóru kan kí ó má ṣe rà á sí ilẹ̀ àlejò. A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àwọn tí ó wà níhìn-ín ní 2000 mọ ohun tí ojú rí, a tún rí i ní 2002, a tún rí i ní 2011. Àwọn kan nínú wa kó lọ sí Ìlọrin àti Òṣogbo, wọn kò padà mọ́. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ojo.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdáhùn wa. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù kan, olè kò lè gbé e. Ohun tí ó níye lórí tí a lè gbé lára rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àti àpótí iná rẹ̀, nítorí náà a kó gbogbo wọn sínú àpótí kan ṣoṣo tí ó ní táyà lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì ńlá mẹ́rin tí a ń fà yọ. Ọkùnrin méjì ń gbé e sínú búùtù ọkọ̀. Lálaalẹ́ ni a ń tì í wọ iyàrá. Irin tí ó kù, bí ẹnikẹ́ni bá dáná sí ilé tí ó wà lórí rẹ̀, a ó tún fi kẹrosíìnì àti gééjì yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì mọ ohun tí ó kù lára rẹ̀. Èkejì, ẹ wo àwọn tí ń gbé iṣẹ́ wá. Ẹlẹ́rọ ìpàgbàdo láti Giwa, oníbẹ́kírì Igbo, Alhaja elépo ẹ̀pà, àwọn alágbẹ̀dẹ Hausa ní Panteka tí wọ́n ń gbé ṣáàfù wá kí a gé ojú kíì sí i. Nígbà tí ariwo èké kan sọ ní àdúgbò wa lọ́jọ́ kan, àwọn alágbẹ̀dẹ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀rọ náà ní àwo mẹ́fà tiwọn lórí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. A ti rí ẹ̀rọ kejì, irú ti wa gan-an, ọpọlọ rẹ̀ ti kú, irin rẹ̀ dára, a ti fi gééjì wò ó. Àwọn oníirin àlòkù ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n láìpẹ́. Àwa mẹ́ta yóò san ìdajì owó rẹ̀, kí ẹgbẹ́ san ìdajì nínú ohun tí a bá rí lónìí, kí ó sì di ti ẹgbẹ́ pátápátá. A ó fi ọ̀fẹ́ tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́fà tí ẹ bá yàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ìgbà tí a bá gbé kẹrosíìnì títí di ìgbà tí ó bá gé irin àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ́ nínú títún un ṣe ju èyí tí ẹ̀rọ tuntun inú ike lè kọ́ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fún ayàwòrán ilé kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn nínú àwòrán kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, kò lè wọlé. Kí ó fi ṣe méje. Kí wọ́n da kọnkéré tí ó nípọn síbi tí ẹ̀rọ yóò dúró, kì í ṣe sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ijó yóò fọ́, kí wọ́n sì fa fééṣì mẹ́ta wọ gbọ̀ngàn láti ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ ògiri tán, owó tí a ó fi wó o kò sí nínú ìwé ìnáwó tí a pín fún yín.